GBOGBO AṢỌ KỌ́ LÀ Ń SÁ LÓÒRÙN: Ẹ̀kọ́ Lórí Ibi Tí Ó Yẹ Kí Á Máa Kó Fọ́tò Wa Sí

Olóòtú wa ló ní kí n kọ ẹ̀kọ́ ti sáà yìí, ó sì fún mi ní orí ọ̀rọ̀ tí n kò lè sá fún, nítorí èmi gan-an ni mo dá ọ̀ràn tó bí i. Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín: Sabon Gari ní Kano ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Yorùbá inú ilé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbọ́, Haúsá ni mo fi ṣeré ní ìta. Bí ẹ bá rí ibi tí àmì ohùn mi ti ṣì, ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀, ẹ má kígbe rẹ̀ ní ìpàdé.

Ẹ óò rántí Ọjọ́ Àṣà wa ti ọdún tó kọjá. A ṣe eré ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alága ìjókòó ń fi orin gbowó lọ́wọ́ àwọn ará ọkọ, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwa náà rẹ́rìn-ín títí. Arábìnrin wa kan tó wà ní ipele kẹta ló ṣe ìyàwó. Aṣọ òkè àlàárì tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìṣẹ́yìn ló wọ̀, ó sì yẹ ẹ́ débi pé àwọn Haúsá àti Ígbò tó wá wòran ń béèrè bóyá ìgbéyàwó gidi ni. Èmi ni mo di kámẹ́rà mú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kó fọ́tò 240 sí ìkànnì kan tí kì í gba owó, mo ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, mo sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Ìwé àdéhùn gígùn kan yọ sójú kí n tó wọlé. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá arábìnrin yìí pè é láti Kaduna. Kò dúró gba ìkíni rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀: "Ta ni o fẹ́ tí àwa òbí rẹ kò mọ̀?" Ẹnìkan tó ń ta ẹrù ìyàwó ní ìlú mìíràn ló mú fọ́tò rẹ̀, ó kọ iye owó ẹrù sí abẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi polówó ọjà. Ìyá kan nínú ìjọ wọn rí i lórí fóònù, ló bá lọ bá ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ kú oríire ọmọ yín o, ẹ ò tiẹ̀ pè wá!" Arábìnrin wa sunkún. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ ní tòótọ́ kò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. A kọ̀wé sí ọlọ́jà náà, ó sì fèsì pé orí ìkànnì tí gbogbo ayé ń wò lòun ti rí fọ́tò yẹn, àti pé a kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, títí kan ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò. Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Èmi ni mo fọwọ́ sí i láìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti olùkọ́. Ti ẹni tó jẹ̀bi ni.

FỌ́TÒ INÚ GÍLÁÀSÌ

Ẹ má rò pé ayélujára ló kọ́kọ́ gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé. Ìyá mi a máa sọ ìtàn kan fún wa. Ní ọdún tí òun àti bàbá mi ṣe ìgbéyàwó, wọ́n lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ mai hoto kan ní Sabon Gari (bẹ́ẹ̀ ni àwọn Haúsá ń pe ayafọ́tò). Wọ́n sanwó, wọ́n gba fọ́tò wọn, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá mi ń lọ sọ́jà, ó sì rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tóbi, ó wà láàárín ọmọ ọwọ́ kan àti Alhaji kan tó gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn díẹ̀, ó sì bí i nínú díẹ̀. Bàbá mi ni inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó kí ọkùnrin náà dáadáa, ó ní kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìtàn yẹn. Àwọn òbí mi sanwó fọ́tò, síbẹ̀ ayafọ́tò ṣì fi ojú wọn polówó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé rẹ̀. Wọ́n lè dé ibẹ̀ kí wọ́n sọ pé àwọn kò fẹ́. Ẹni tó bá sì gba òpópónà yẹn kọjá nìkan ló lè rí gíláàsì náà. Nẹ́gátíìfù wà nínú dúróà ọkùnrin náà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó lè fi ṣe kò ju kó tún un tẹ̀ lọ. Lónìí, a kì í sanwó, a kò mọ ilé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, gíláàsì náà sì wà ní òpópónà gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà.

TA NI Ó Ń SANWÓ?

Ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí, kí n tó béèrè bóyá ìkànnì náà rẹwà tàbí ó yára. Fọ́tò tí a bá kó sórí ayélujára kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Inú ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà ló wà. Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ń jẹ iná tọ̀sán-tòru, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ san gbogbo rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwa, ta ni? Ó lè jẹ́ àwọn onípolówó ọjà. Ó lè jẹ́ olówó tó ń náwó sí i lónìí pẹ̀lú ìrètí pé òun yóò kórè lọ́la. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ ra ohun tí a kó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Flickr ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì kún fún ẹ̀kọ́. Stewart Butterfield àti Caterina Fake ló dá a sílẹ̀ ní Vancouver ní orílẹ̀-èdè Kánádà ní ọdún 2004. Yahoo rà á ní ọdún 2005. Ní ọdún 2013, Yahoo sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá gba àyè terabyte kan lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn àyè tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún fọ́tò, ìpolówó ọjà ni yóò sì máa mówó wọlé. Àwọn ènìyàn rọ́ wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ SmugMug ra Flickr, kí ọdún náà sì tó parí wọ́n kéde pé ẹni tí kì í sanwó kò ní lè ní ju fọ́tò 1,000 lọ, àti pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó bá lé rẹ́ ní ọdún 2019. Inú bí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ka àlàyé tí àwọn olówó tuntun náà ṣe, ó sì yà mí lẹ́nu pé wọ́n sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀: wọ́n ní bí a bá ń fi àyè ńlá tọrẹ, ìfẹ́ àwọn onípolówó ọjà ni yóò gba iwájú ìfẹ́ àwọn tó ni fọ́tò. N kò rò pé àánú wa ló ṣe wọ́n, owó ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Google Photos náà ṣe bíi tirẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, wọ́n sì ní kí a máa kó fọ́tò síbẹ̀ láìní òpin, lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá gbà kí wọ́n fún un pọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó dópin. Fọ́tò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lára gígábáìtì 15 tí àpamọ́ kan ń gbà, tí lẹ́tà Gmail náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ wọn o: Google sọ pé àwọn kì í ta fọ́tò wa, àwọn kì í sì í lò ó fún ìpolówó. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ọ̀fẹ́ bá ti gba ọdún mẹ́fà, fọ́tò ẹni ti pọ̀ jù níbẹ̀ kó tó ká a kúrò. Ibẹ̀ ni owó wọn wà.

Kò sì yẹ ká da oríṣi ìpolówó méjì pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni pé kí wọ́n mú ojú rẹ gan-an ṣe ìpolówó, bíi ti fọ́tò inú gíláàsì. Èyí ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Nígbà tí Facebook ti kéde ní ọdún 2012 pé òun yóò ra Instagram ní bílíọ̀nù kan dọ́là, Instagram gbé ìwé àdéhùn tuntun jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ohun tí àwọn ènìyàn kà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n lè lo fọ́tò oníbàárà nínú ìpolówó láìsan kọ́bọ̀ fún un. Ariwo sọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Kevin Systrom tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì dá apá ìpolówó ìwé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Facebook fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti ọdún 2011: bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ pé o fẹ́ràn ọjà kan, orúkọ rẹ àti fọ́tò rẹ lè yọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bí ẹlẹ́rìí ọjà náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2013 sì ni adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí Facebook san mílíọ̀nù 20 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà.

Oríṣi kejì kò ní ariwo. Wọn kì í fi fọ́tò rẹ han ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń ṣọ́ ohun tí o wò, bó ti pẹ́ tó lójú rẹ, ibi tí o wà, ẹni tí o ń bá rìn, wọ́n á sì ta àyè iwájú ojú rẹ fún ẹni tó fẹ́ tajà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. O ya fọ́tò ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ, ní ọ̀la ìpolówó gèlè àti iléeṣẹ́ tó ń yáni lówó ti gba ojú fóònù rẹ. Èyí kò dun ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n á ní, "Kí ni mo ní tí wọ́n fẹ́ jí?" N kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ tán ní ìdajì oṣù, tí ìpolówó ẹlẹ́yàáwó sì ń tẹ̀ lé kiri, mo rò pé ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.

ỌMỌBÌNRIN TEXAS

Nígbà tí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ṣẹlẹ̀, mo rò pé àwa nìkan ni. Mo wá rí i pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2007, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tiwa bí ìbejì. Ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ lọ fọ mọ́tò láti fi kówó jọ. Ẹni tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà sọ́nà ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé e sórí Flickr. Ó yan ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Creative Commons, irú èyí tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kódà fún òwò, bí ó bá ti dárúkọ ayafọ́tò. Virgin Mobile ti Ọsirélíà rí i, wọ́n sì fi ṣe ìpolówó fóònù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní ìlú Adelaide. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i ń fi ọ̀rẹ́ tí a ń kọ lẹ́tà sí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dà bíi pé ọmọ náà ni ọ̀rẹ́ tí ó yẹ kí a já sílẹ̀. Ẹnìkan ní Adelaide ya ìpolówó yẹn, ó tún gbé e sórí Flickr, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé etí ọmọ náà ní òdìkejì ayé.

Àwọn òbí rẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní Texas. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ ní àwọn kò ní àṣẹ lórí ilé-iṣẹ́ Ọsirélíà náà, ẹjọ́ sì kú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó jí fọ́tò yẹn. Ayafọ́tò ní ẹ̀tọ́ lórí fọ́tò tó yà, ó sì fún ayé láṣẹ. Ṣùgbọ́n ojú inú fọ́tò kì í ṣe ti ayafọ́tò. Àṣẹ lórí fọ́tò wà lọ́tọ̀, ìyọ̀ǹda ẹni tó wà nínú fọ́tò wà lọ́tọ̀. Èmi kò mọ ìyàtọ̀ yìí ní alẹ́ Ọjọ́ Àṣà. Mo fi ohun tí kì í ṣe tèmi tọrẹ.

ẸNI TÍ KÌ Í ṢE ÈNÌYÀN Ń WO FỌ́TÒ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà láti ìgbà ọmọbìnrin Texas nìyí. Ẹni tó ń wo fọ́tò wa kì í ṣe ènìyàn nìkan mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ IBM gbé àkójọ fọ́tò tó tó mílíọ̀nù kan jáde, pé kí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí fi kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá ojú ènìyàn mọ̀. Orí Flickr ni wọ́n ti kó wọn, lára èyí tí àwọn ènìyàn ti fi ìwé àṣẹ Creative Commons sí. Èrò wọn dára: wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í mọ ojú aláwọ̀ dúdú àti ti obìnrin dáadáa, àwọn sì fẹ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníròyìn lọ bá àwọn ayafọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ká má tiẹ̀ sọ ti àwọn tó wà nínú fọ́tò.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti áàpù kan tó ń jẹ́ Ever. Ìpamọ́ fọ́tò ni wọ́n fi pe àwọn ènìyàn wá: wá kó fọ́tò ìdílé rẹ síbí kó má baà sọnù. Ní ọdún 2019 ni ìròyìn jáde pé wọ́n ń fi fọ́tò wọ̀nyẹn kọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀, tí wọ́n sì ń ta ẹ̀rọ náà fún àwọn mìíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, FTC, sọ pé wọ́n tan àwọn oníbàárà jẹ, àti pé wọn kò pa fọ́tò àwọn tó ti kúrò níbẹ̀ rẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí. Àjọ náà ní kí wọ́n pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ́n kọ́ rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wò ó dáadáa: Ever kò lẹ ìpolówó ọjà mọ́ fọ́tò ẹnikẹ́ni. Àìrí ìpolówó lójú kò túmọ̀ sí pé wọn kò fi ọ́ ṣòwò.

OHUN TÓ FARA PAMỌ́ SÍNÚ FỌ́TÒ

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé àkẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò tí fóònù bá yà máa ń gbé ọ̀rọ̀ mìíràn pamọ́ sínú: ọjọ́, wákàtí, irú fóònù, àti, bí a bá ṣí ìyẹn sílẹ̀, ibi gan-an tí a dúró sí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, John McAfee, ọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń gbógun ti àrùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀, sá kúrò ní orílẹ̀-èdè Belize nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ń wá a láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò rẹ̀ jáde. Wọn kò sọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n fọ́tò sọ ọ́ fúnra rẹ̀: Guatemala. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò kan ṣoṣo tú àṣírí rẹ̀.

Ní apá ìhín tí a wà yìí, tí gbogbo wa mọ ìròyìn tí a ń gbọ́ lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tí ẹ yà lójú fèrèsé yàrá yín máa júwe ilé. Ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà fóònù yín, ẹ pa ibi tí wọ́n ti ń béèrè ibùdó. WhatsApp máa ń yọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wọ̀nyí kúrò nínú fọ́tò lásán, àmọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé kí ó má baà ṣú, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Flickr máa ń pa wọ́n mọ́, nítorí àwọn ayafọ́tò gidi fẹ́ràn láti mọ bí wọ́n ṣe ya fọ́tò. Ó ní ibi tí a ti lè fi wọ́n pamọ́, ẹni tó bá wá a ni yóò rí i.

Ẹnìkan á béèrè pé ṣé kò sí òfin ni. Ó wà. Abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, a tún ní òfin tó dá lórí ìdáàbòbò dátà. Òfin yìí sọ pé ẹni tó dákẹ́ kò tíì yọ̀ǹda, ẹni tó bá sì ti yọ̀ǹda lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, lórí bó ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin máa ń dé lẹ́yìn tí bàbá ẹni ti pe fóònù.

ÌBÉÈRÈ ÌJÁDE

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀kùn tí a ó gbà jáde ló sì yẹ ká wò ká tó kó fọ́tò wọlé. Ní àárín ọdún 2017, Photobucket, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò láti ọdún 2003, yí àdéhùn padà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò tó kó síbẹ̀ máa hàn lórí ìkànnì mìíràn yóò san 399.99 dọ́là lọ́dún. Ní wéré, fọ́tò parẹ́ lórí àìmọye ojú-ewé, àwòrán ìkìlọ̀ ló rọ́pò wọn. Ní ọdún 2024, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ń bá àwọn kan dúnàádúrà láti jẹ́ kí wọ́n fi bílíọ̀nù 13 fọ́tò àti fídíò kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kó fọ́tò ìkómọjáde rẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2005 kò mọ̀ pé ohun tí òun ń kó jọ fún wọn nìyẹn. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá yàn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ tiyín. Háàdì dísìkì kì í ka ìwé àdéhùn.

KÍ LA WÁ FẸ́ ṢE?

Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé wa. Àwọn kan ní ká pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ka ìmọ̀ ìtàn dìde, ó ní bí a bá fi gbogbo nǹkan pamọ́, báwo ni ayé yóò ṣe mọ̀ pé Yorùbá ń bẹ ní Zaria, tí wọ́n ń lu dùndún, tí wọ́n ń dáṣọ? Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ó dábàá Wikimedia Commons, nítorí pé kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀ rárá, owó ìtọrẹ ni wọ́n fi ń gbé e ró, àwọn tó ń kọ Wikipedia ní èdè Yorùbá sì lè lo fọ́tò ibẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ mo dìde láti ṣàlàyé ohun tí ojú mi ti rí: ìwé àṣẹ ibẹ̀ gba gbogbo ayé láyè, títí kan oníṣòwò. Ibi tí kò sí ìpolówó lè jẹ́ ibi tí kò sí ìkọ̀kọ̀ rárá. Ọlọ́jà tó mú fọ́tò arábìnrin wa ìbá mú un níbẹ̀ láìrú òfin ibẹ̀.

Ibi tí a fàbọ̀ sí nìyí. Ìlù, aṣọ, oúnjẹ àti ọwọ́ tó ń di gèlè yóò lọ sí Commons, kí ayé rí wọn kí wọ́n lò wọ́n bó ṣe wù wọ́n. Fọ́tò tí ojú ènìyàn bá hàn nínú rẹ̀ yóò wọ inú álíbọ́ọ̀mù tí a ń sanwó fún láti inú owó ẹgbẹ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan lè ṣí, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì sọ pé gbogbo ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wa. Owó náà kò pọ̀, bí a bá pín in, kò tó owó súyà ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́dún. Àwọn kan ṣì ń kùn. Àwọn náà ló ń kùn nígbà tí a ra ìlù.

Mo ti pa álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ rẹ́. Fọ́tò 240 náà wà nínú háàdì dísìkì lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ olóyè ẹgbẹ́ tó ń gbé ní ìta. Ìwé ìkọ̀wé kan wà lórí tábìlì akọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ wọ álíbọ́ọ̀mù tuntun, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fọ́tò náà síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìdí. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan, a kò ní kà á sí pé ó gbà. A ó pè é.

Arábìnrin wa ti wá wo tirẹ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà mi fún wákàtí kan, ó rẹ́rìn-ín níbì kan, ó dákẹ́ níbì kan. Ó yan mẹ́ta, ó ní kí n tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí òun fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà òun ní Ìṣẹ́yìn. Ó ní kí n pa ìyókù rẹ́ lójú òun, mo sì pa wọ́n rẹ́. Ọlọ́jà yẹn ti yọ tirẹ̀ kúrò lẹ́yìn lẹ́tà wa kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún rí fọ́tò náà lójú-ewé ẹlòmíràn tó ń ta bàtà ìyàwó. A ti kọ̀wé sí òun náà.